À ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, à ń sùn ní Lisbon: ta ló ni owó-orí wa?

Àbẹ̀kẹ́_Lisbon (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò.

Iléeṣẹ́ kan ní Leeds ló gbà mí síṣẹ́, ṣùgbọ́n Lisbon ni mò ń gbé láti oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. D8 ni mo fi wọlé, físà tí Pọ́túgàl gbé jáde fún àwọn oníṣẹ́ remote (àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó jìnnà) ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí owó oṣù èèyàn tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ níbí, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ni owó náà ti ń wá. Ìlú Ọba ń yọ owó-orí mi kí owó tó kàn mí lọ́wọ́. Ìjọba ibí kò tíì rí sẹ́ǹtì kan gbà nínú owó oṣù mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ dirun ní Martim Moniz, nínú ilé ìtajà Mouraria tí àwọn onídìrí aláwọ̀ dúdú kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọmọ Guinea-Bissau ni obìnrin tó ń bá mi dì í, ó ti lé lógún ọdún tó ti dé ìlú yìí. Ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an lòun ń gbé tẹ́lẹ̀. Onílé fi kún owó ilé, ó tún fi kún un, nígbà tó yá ó ní òun fẹ́ tún ilé òun ṣe. Cacém lẹ́yìn ìlú ló kó lọ, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ wá sí Rossio ní ìdájí. Ó bi mí pé èló ni mò ń san ní Graça, àdúgbò tí mò ń gbé. Mo sọ fún un. Kò bínú o. Ó fi òòyà la irun mi sí méjì, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń san án, àwa la ń kó jáde."

Àwa mẹ́ta la jọ wà nílé. Ọ̀kan jẹ́ ará Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ ara rẹ̀, tó ń wọlé tó ń jáde bí olùbẹ̀wò. Ìkẹta jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Kóòdù ló ń kọ, kírípítò ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Kò san owó-orí ní Pọ́túgàl, kò san ní Nàìjíríà, kò san níbì kankan, ó sì máa ń fi yangàn lórí oúnjẹ. Ṣé olè ni wá, àbí ọgbọ́n là ń dá?

Ìṣirò_Ìkẹjà

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ẹgbẹ́ ara yín rárá.

Ìlànà tó wà nílẹ̀ káàkiri ayé ni pé ibi tí èèyàn bá jókòó sí ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó-orí iṣẹ́ náà, ibi yòówù kí owó ti wá. Àmọ́ nínú àdéhùn tí orílẹ̀-èdè méjì ń bá ara wọn ṣe kí wọ́n má baà gba owó-orí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fojú fo àlejò. Bí àlejò náà kò bá lò ju ọjọ́ 183 lọ nínú oṣù méjìlá, tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ kì í ṣe ará ibẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀ka kan níbẹ̀ tó ń gbé owó oṣù rẹ̀, ilé ni kó ti san án. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó fò lọ sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Wọn ò ro ti ẹni tó gba ilé, tó ra ìkòkò, tó ti mọ onídìrí ládùúgbò. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ló ń dà.

Ẹ̀yin ti ní ilé níbẹ̀, ọjọ́ 183 náà sì ti ń kọjá lọ. Lójú òfin, Pọ́túgàl ló ni owó-orí yín láti ọjọ́ tí ẹ ti débẹ̀. Ẹ̀ ń san owó-orí lóòótọ́, ẹni tí kò tọ́ sí lẹ̀ ń san án fún. Kí iléeṣẹ́ yín bá HMRC, àwọn agbowó-orí Ìlú Ọba, sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi yín sórí kóòdù NT, èyí tó ní kí wọ́n má yọ owó-orí, kí wọ́n yé yọ ọ́.

Ará Amẹ́ríkà yẹn, ìlú rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ibi yòówù kí ọmọ Amẹ́ríkà wà láyé, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Bó bá lo ọjọ́ 330 lẹ́yìn odi nínú oṣù méjìlá, ó lè yọ tó $130,000 kúrò nínú owó tó rí lọ́dún 2025 kí wọ́n tó ṣírò, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ara ẹni ṣì máa san 15.3% owó ìfẹ̀yìntì àti ìlera wọn. Àlejò ni, bí kò bá ju ọjọ́ 90 tí Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ẹnubodè pọ̀, gbà fún un láàárín ọjọ́ 180 lọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ló kù. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kóòdù_Oní_Dọ́là

Ẹ̀gbọ́n ti ka òfin tán, ó kù kí ẹnì kan sọ ti ẹ̀tọ́. Èmi náà, iṣẹ́ tí ọmọ Abẹ́òkúta yẹn ń ṣe ni mò ń ṣe. Mo máa ń wà l'Ékòó, mo máa ń lọ sí Accra, mo máa ń lọ sí Kigali. Kí ni mo gbà lọ́wọ́ ìlú tí mo bá dé? Ọmọ mi kò sí nílé ẹ̀kọ́ wọn. Ìnṣọ́ransì ìlera mi, owó ara mi ni mo fi ra á. Iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ni mi ò gbà. Dọ́là ni mò ń kó wọlé. Gbogbo ohun tí mo bá rà ni VAT, owó-orí ọjà, wà lórí rẹ̀, ní Pọ́túgàl 23% ni, ẹ wo iye tí ìyẹn jẹ́!

Tí mo bá tún wá dé ilé, jẹnẹrétọ̀ mi ni, sólà mi ni, kànga mi ni, mẹ́gáàdì mi ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo jẹ́ fún ara mi. Ta ni kí n wá sanwó fún?

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Kóòdù, o káre, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbé Kigali.

Ọ̀rọ̀ onídìrí yẹn ló wọ̀ mí lára. Kì í ṣe Lisbon nìkan. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Alágoméjì ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Onílé ní òun fẹ́ kun ilé. Ó kùn ún, ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ó gbé Wi-Fi àti ẹ̀rọ iná sí i, ó sọ ọ́ di shortlet, ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ díẹ̀. Tó bá di oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ wa láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà á kó dé, láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọ̀tún, aṣọ òde lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á ṣe ìpàdé iṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á jó mọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ títí oṣù Kejì. Owó tí wọ́n ń san fún òru mẹ́ta ju ohun tí onílé ń rí lọ́wọ́ mi lóṣù kan. Kí ni kó wá fi mí ṣe? Ìkòròdú ni mo wà báyìí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń jí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Owó-orí kọ́ ló lé mi jáde nílé. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá san owó-orí rẹ̀ pé pérépéré lọ́la, onídìrí yẹn kò ní padà sí Mouraria. Owó-orí á wọ àpò ìjọba, owó ilé á sì máa ga lọ. Ọ̀tọ̀ ni gbèsè tí ẹ jẹ ìjọba, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ẹ jẹ aládùúgbò. Èyí tí ẹ jẹ aládùúgbò, mi ò tíì gbọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń san án.

Ọmọ_Lísàbí

Kóòdù, "kí ni ìjọba ṣe fún mi" yẹn, àwọn tó bí wa lọ́mọ ti sọ ọ́ kí a tó bí ọ. Ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ìyálọ́jà ní àwọn kò san owó-orí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣojú fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn. Ọdún 1947 ló gbóná jù, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, orin èébú ni wọ́n fi ń jí Kábíyèsí. Nígbà tó fi máa di 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀kọ̀yà ńkọ́, ní agbègbè Ìbàdàn, 1968 sí 1969? Owó kòkó kò gbé àgbẹ̀ mọ́, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn agbowó-orí ń ya wọ ilé onílé. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó sá nínú wọn. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ti ní "a ò san", wọ́n sọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì jẹ ìyà tó bá a rìn. Wọ́n yí owó-orí padà fún gbogbo ìlú. Ìwọ yí i padà fún ara rẹ nìkan, o sì ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Má fi ara rẹ wé wọn o.

Kóòdù_Oní_Dọ́là

Èmi ò fi ara mi wé ẹnikẹ́ni, bàbá. Àgbẹ̀ ò lè gbé oko rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èmi lè gbé tèmi. Tó bá ṣeé gbé fún wọn ni, ṣé ẹ rò pé wọn ò ní gbé e?

Kútọnu_Kò_Jìnnà

Kí n fi ti Kútọnu kún un. Àwọn ọmọ wa ń gba ilé níbí torí pé iná ń dúró, ìlú sì tòrò. ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ 90 láìsí físà, lẹ́yìn rẹ̀ ó yẹ kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọjú dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀, wọ́n á padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ VAT tí Kóòdù ń sọ: 18% ni ti ibí, òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló ń fúnni ní rìsíìtì ní ọjà Dantokpa? Ata, ẹja, ọlọ́kadà, onílé tó ń gba owó lọ́wọ́, VAT kankan ò sí nínú wọn. Súpámákẹ́ẹ̀tì àti ilé ọtí nìkan ló ti ń san án, ìyẹn kò sì ju ohun tí olùbẹ̀wò ọlọ́jọ́ márùn-ún ń san lọ.

Ṣọlá_RomaNorte

Mẹ́síkò ni mo wà, àdúgbò Roma, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 àwọn èèyàn kún ojú títì ní Condesa àti Roma, "gringo, máa lọ sílé ẹ" ni wọ́n kọ sára páálí. Wọ́n fọ́ gíláàsì àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ilé kọfí kan tó kángun sí mi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, àwa oníbàárà wà lábẹ́ tábìlì, láptọ́ọ̀pù ṣì ń tàn lókè.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba ìlú Mexico City yìí kan náà bá Airbnb àti UNESCO tọwọ́ bọ̀wé láti máa pe àwọn oníṣẹ́ remote wá. Claudia Sheinbaum ló jẹ́ gómìnà ìlú nígbà yẹn, òun náà ló ti di ààrẹ orílẹ̀-èdè. Èèyàn pè ọ́ wá jẹun, o jókòó, àwọn ọmọ ilé wá ń bi ọ́ pé ta ló fún ọ láyè. Ó kù díẹ̀ káàtó.

Àmọ́ mi ò ní purọ́: nínú àwọn tí mo mọ̀ níbí, mi ò rí ẹni tó ti dé ọ̀dọ̀ agbowó-orí rí. Ọjọ́ 180 tí wọ́n fi òǹtẹ̀ fún wọn ni wọ́n ń lò, wọ́n á jáde lọ sí Guatemala, wọ́n á tún wọlé.

Ìṣirò_Ìkẹjà

Ṣọlá fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí kòrónà ti pápákọ̀ òfuurufú pa, Barbados gbé ìwé Welcome Stamp jáde ní oṣù Keje 2020: san $2,000, fi hàn pé ò ń rí $50,000 lọ́dún, wá gbé ọdún kan, a ò ní gba owó-orí lórí owó oṣù rẹ. Inú òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí àbòsí níbẹ̀. Kroatíà náà yọ owó iṣẹ́ remote kúrò nínú owó-orí. Estonia ní tirẹ̀ la ojú rẹ̀: ó gbé físà tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ṣùgbọ́n tí o bá lò ju ọjọ́ 183 lọ, o ti di tiwọn, wá sanwó.

Pọ́túgàl tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wà, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ní ètò kan fún àjèjì: 20% péré lórí owó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ pàtàkì, fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ owó tó ń ti ẹ̀yìn odi wọlé kò sì ní owó-orí rárá. Dókítà ọmọ Pọ́túgàl tó ń tọ́jú wọn ní ọsibítù ìjọba, owó-orí tirẹ̀ lè ga dé 48% lórí èyí tó bá wà lókè nínú owó rẹ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ètò náà mọ́ ẹni tuntun. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí àwọn ará Lisbon jáde torí ọ̀rọ̀ ilé, ṣé ẹ rò pé àwọn àlejò nìkan ni wọ́n ń bínú sí? Nítorí náà, ẹni tó gba ohun tí òfin fún un, mi ò lè pè é lólè. Ẹni tó kọ òfin náà ni kí a bi.

Ẹni tí n kò ní gbèjà rẹ̀ ni ẹni tó rọra há sáàárín orílẹ̀-èdè méjì, tó sọ fún Lisbon pé ọmọ Nàìjíríà lòun, tó sọ fún Nàìjíríà pé Lisbon lòun ń gbé. Kóòdù, ilé rẹ àti ẹbí rẹ wà l'Ékòó, àbí? Òfin owó-orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, kò wo iye ọjọ́ nìkan mọ́. Ó ń wo ibi tí ilé rẹ wà àti ibi tí ìdílé rẹ wà. Tí wọ́n bá ti kà ọ́ sí ará ilé, gbogbo owó tó bá wọlé fún ọ lágbàáyé ló kàn wọ́n, ìbáà jẹ́ dọ́là tàbí kírípítò.

Kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kan náírà lóṣù, ₦12,000,000 lọ́dún. ₦800,000 àkọ́kọ́, òfo. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15%, ìyẹn ₦330,000. ₦9,000,000 tó kù, 18%, ìyẹn ₦1,620,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,950,000, mi ò tíì yọ ẹ̀dínwó owó ilé àti ti owó ìfẹ̀yìntì.

Kóòdù_Oní_Dọ́là

Ẹ̀gbọ́n! Ó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù méjì, kò sì pọ̀? Fún títì wo?

Ìyá_Ìbejì_Yábàá

Fún títì tí èmi ń gbà dé Yábàá láti Ìkòròdú.

Kóòdù, fetí sí mi. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́ san. Kí owó oṣù mi tó dé báńkì ni wọ́n ti yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, akọ̀wé, bákan náà. Mi ò ní jẹnẹrétọ̀ bíi tìrẹ, mi ò sì ní kànga, síbẹ̀ mò ń san. Ìwọ tí owó rẹ tó ìlọ́po owó mi lọ́nà mẹ́wàá ní o ò rí ohun tí ìjọba ṣe. Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò tí o fi ń kọ kóòdù? O sọ níbí níjọ́sí pé ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba lo lọ àti pé Yunifásítì Èkó lo ti jáde. Owó-orí ta ni wọ́n fi san owó àwọn tó kọ́ ọ?

Ọmọ Abẹ́òkúta inú ilé Àbẹ̀kẹ́ náà, bákan náà ni ó rí. Ilé ti fún un, Lisbon ń fún un, òun ò fún ẹnì kankan. Ẹ pè é lọ́gbọ́n bí ó bá wù yín. Èmi mọ̀ pé àwa la ń san tirẹ̀ mọ́ tiwa.

Kóòdù_Oní_Dọ́là

Ọ̀rọ̀ UNILAG yẹn wọlé, mà. N kò ní jiyàn ìyẹn. Àmọ́ n kò tíì gbà pé tí mo bá san án, olùkọ́ ni wọ́n máa fi san. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní di jíìpù.

Ọmọ_Lísàbí

Jíìpù yẹn, ẹni tó ń sanwó ló lẹ́nu láti bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ tí orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé, níbo lo ti fẹ́ bèèrè?

Àbẹ̀kẹ́_Lisbon

Ẹ ṣeun gan-an. Kí n sọ ibi tí nǹkan dé.

Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ mi. Ìfòyà ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní tí mo bá ń ṣiṣẹ́ níbí pẹ́, Pọ́túgàl lè ní iléeṣẹ́ ti ní ẹ̀ka níbí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó-orí èrè lọ́wọ́ wọn, kó tún béèrè owó ìfẹ̀yìntì mi. Wọ́n ní kí n yàn: kí n padà sí Leeds, tàbí kí n kúrò ní òṣìṣẹ́ kí n di oníṣẹ́ ara mi tó ń fún wọn ní rìsíìtì. Ìyẹn ni pé mi ò ní ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ mọ́, mi ò ní ní owó àìsàn. Mo ti ń ronú pé èmi ni mò ń jẹ ìlú yìí níyà, mi ò mọ̀ pé èmi náà wà lórí àwo.

Mo fẹ́ dúró. Mo ti bá akáǹtáǹtì kan níbí sọ̀rọ̀.

Ní ti ọmọ ilé wa, mo ka èsì Ìyá Ìbejì sí i létí. Ó ní kí n bá òun kí mà, ó ní ti Pọ́túgàl lòun á kọ́kọ́ san tóun bá fẹ́ san rárá, torí pé níbí ọkọ̀ ojú irin ń dé lásìkò. Onídìrí mi tó ń wọ ọkọ̀ náà láti Cacém kò ní gbà pẹ̀lú rẹ̀ nípa àsìkò.

Ìṣirò, ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù: ìgbà wo ni wọ́n ń gba ìwé owó-orí níbí, tí mo bá sì ti gbé ti Ìlú Ọba san, ṣé mo máa san lẹ́ẹ̀mejì ni?

Ìṣirò_Ìkẹjà

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin sí ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà ni, ti ọdún tó ṣáájú ni ẹ máa kọ. Ẹ kò ní san lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ bá ṣe é létòlétò: Pọ́túgàl á fún yín ní ìwé pé àwọn ló ni yín, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí HMRC, wọn á dá èyí tí wọ́n ti yọ láti oṣù Kẹsàn-án padà. Ó máa ń pẹ́. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù yín, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ bá dé, kò gbọdọ̀ sọnù.

Kóòdù, ti Èkó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò gbà ju kí o jókòó lọ. Mi ò bi ọ́ bóyá wà á san.